Kẹ́tùlù Màmá Haruko

Ẹ bá mi wò ó: kọfí! Ní Padua níbí, àwọn Ítálì a dúró lẹ́nu káńtà, wọn a da kọfí sọ́fun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn a bá tiwọn lọ. Èmi Bùkọ́ tí mò ń dirun nítòsí stazione, ibùdókọ̀ ojú irin, bí mo ṣe mọ kọfí sí nìyẹn. Àfìgbà tí àbúrò mi, Ọlábísí, ríṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọfí Màmá Haruko, ìyá àgbà ará Japan kan, ni mo tó mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n ń se kọfí bí ẹní ń wẹ ọmọ tuntun.

Wọn a lọ̀ ọ́, wọn a dà á sínú bébà asẹ́, wọn a wá máa fi kẹ́tùlù ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ kán omi gbígbóná lé e lórí, díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ jókòó níbẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lọ kí tèmi tó délẹ̀. Mo ní, "Bísí, ṣé ẹ̀wà lẹ̀ ń sè ni?" Gbogbo ilé yíjú wò mí. Wọn kì í pariwo níbẹ̀.

Bísí fẹ́ràn ibẹ̀ bí ojú. Bó bá ti wọlé, ìtàn ni ṣáá. "Sístà mi, Màmá ní oríṣiríṣi ṣọ́ọ̀bù kọfí ló wà nílùú àwọn. Ọ̀kan wà, àwo orin nìkan lẹ ó máa gbọ́, ẹ ò gbọdọ̀ fọhùn. Ọ̀kan wà, tí ẹ bá ra kọfí láàárọ̀, wọn a fi búrẹ́dì àti ẹyin sí i lọ́fẹ̀ẹ́." Ìyẹn dùn mọ́ mi. "Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ológbò ló ń rìn káàkiri ibẹ̀, á wá jókòó sórí itan yín."

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Kí n sanwó kí ológbò wá jókòó lé mi? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní ti Màmá ni irú àtijọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní kissaten. Ẹni tí ayé ti sú a wọlé síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi í ní nǹkan kan, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ló sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ se kọfí fún un. Ọwọ́ ara rẹ̀ yìí ló wá dá wàhálà sílẹ̀.

Ife ni Bísí ń fọ̀, káńtà ló ń nù. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kẹ́tùlù. Bẹ́ẹ̀, ó ń wù ú kó se kọfí náà, ó ń wù ú kọjá sísọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọwọ́ Màmá ń gbọ̀n, kẹ́tùlù ń mì, àwọn oníbàárà ń wò. Kí ni ọmọ Yorùbá máa ṣe tó bá rí àgbà tó gbé ẹrù dání? Bísí sáré lọ, ó tẹ orúnkún, ó ní, "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e, Mà," ó sì gbà á lọ́wọ́ wọn.

Háà! Lọ́dọ̀ tiwa, àdúrà ni wọn ì bá rọ̀jò rẹ̀ lé e lórí. Ṣe ni Màmá Haruko bọ́ épírọ́ọ̀nù wọn, wọ́n ká a, wọ́n wọ yàrá ẹ̀yìn lọ. Nígbà tí Bísí fẹ́ máa lọ sílé, wọ́n ní kó má wulẹ̀ wá mọ́ títí àwọn máa fi pè é.

Ó sunkún dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ní Giulia tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti là á yé òun: ohun tí òun ṣe yẹn, bí ìgbà tí òun sọ fún Màmá níṣojú oníbàárà ni pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Sístà mi, kì í ṣe contratto, ìwé iṣẹ́ yẹn, ló ń pa mí lẹ́kún. Láti ìgbà tí màmá wa ti kú nílé tí a ò lè lọ sin wọ́n, obìnrin yìí ni mò ń rí bí ìyá."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, inú sì tún ń bí mi. Mo ní, "Dìde. Àgbà tó bá bínú, ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ̀ ẹ́. Ó yá, a ń lọ."

Oníbàárà kankan ò sí níbẹ̀ nígbà tí a dé. Bísí kúnlẹ̀. Èmi náà, tòun ti orúnkún tó ń ro mí, mo kúnlẹ̀ gbì. "Signora, ẹ ṣàánú. Ẹ̀kọ́ ilé wa ló tẹ̀ lé, kì í ṣe àrífín."

Màmá Haruko wò wá. Ni àwọn náà bá kúnlẹ̀, wọ́n fi iwájú orí kanlẹ̀! Wọ́n ní kí Bísí forí ji àwọn, pé kì í ṣe òun ló bí àwọn nínú, ọwọ́ àwọn tó ń gbọ̀n ló ń ti àwọn lójú.

Yéè! Àgbà ń kúnlẹ̀ fọ́mọdé! Mo figbe ta, "Ẹ dìde, Mà! Ẹ má kó ègún bá wa!" Wọ́n ní àfi kí àwa kọ́kọ́ dìde. A ò dìde, wọn ò dìde. Bí ẹnì kan bá wọlé, á rò pé òrùka ẹnì kan là ń wá nílẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ẹ̀rín ló gbé wa dìde, àfi Màmá tí orúnkún ò gbà fún. Bísí ń wò wọ́n, ẹ̀rù ń bà á láti fọwọ́ kàn wọ́n. Màmá fúnra wọn ló na ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn sí i.

Ó gbé wọn dìde. Wọn ò jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n fà á dé ẹ̀yìn káńtà, wọ́n gbé ọwọ́ náà lé kẹ́tùlù. Wọ́n wá jáde síta káńtà, wọ́n jókòó sórí àga oníbàárà, ibi tí Bísí ò rí wọn jókòó sí rí.

Bísí ń kán omi, ó ń sunkún. Màmá gba ife, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n fajú ro.

"Ó korò jù," wọ́n ní. "Lọ́la, tètè dé."