Ọmú Tí Mo Fi Ọ̀já Dì

Òtútù mú mi nínú oòrùn. Àwa obìnrin mẹ́jọ la jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká lẹ́yìn ilé Ìyá Tóyìn, ní Odò-Ọwá níbí, à ń bó o. Gbogbo wọn ń làágùn, èmi nìkan ni eyín mi ń gbá ara wọn. Ọmú mi apá òsì ti le láti àárọ̀ bí iṣu tútù. Mo ní yóò rọ̀. Mo tẹra mọ́ bíbó, torí mo ti ṣèlérí fún wọn ní ìjọ pé n óò wá kọ ìwé ìpàdé àwọn obìnrin ní aago mẹ́rin, mo sì ti sọ fún ìyá ọkọ mi pé n óò bá a lọ ata.

Ọmọ Obbo-Ayégúnlẹ̀ ni mí, ọkọ ló gbé mi wá síbí. Káfíńtà lọkọ mi, Ìlọrin ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Èmi ni ìyàwó tí wọ́n gbé wọ agbo ilé kẹ́yìn, ìyàwó ìkẹyìn ni wọ́n sì ń pè sí gbogbo iṣẹ́. Mo tún jáde girama, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ, èmi náà ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àáró mẹ́ta ni mo wọ̀. Ẹ mọ àáró: lónìí a bá ọ bó ẹ̀gẹ́ tìrẹ, lọ́la a bá ẹlòmíràn. Èmi kò ní ebè ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo. Mo wọ̀ ọ́ nítorí pé wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín, ilé mi sì dákẹ́ jù. Bí ẹnikẹ́ni bá ti pè mí, "Mò ń bọ̀" ti jáde lẹ́nu mi kí n tó gbọ́ ohun tó fẹ́.

Ìbùkún ọmọ mi pé oṣù márùn-ún nígbà náà. Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ni mo ń fi í sí pẹ̀lú ògì. Bí àkókò ọmú rẹ̀ bá tó, omi ọmú á máa jò, á rin bùláòsì mi. Àwọn obìnrin á ní, "Ìyàwó, òjò ti dé o." Ojú ń tì mí. Ni mo bá mú ọ̀já ọmọ, mo fi di àyà mi pinpin lábẹ́ aṣọ. Kò jò mọ́. Mo tilẹ̀ rò pé mo gbọ́n.

Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tí òtútù mú mi yẹn, ibà mú mi. Ọmú náà pọ́n, ó ń dán, apá òsì kò ṣeé gbé sókè. Mo lo parasitámọ́ọ̀lù, mo sì jáde. Bí mo ṣe ń ṣe é fún ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn. Ọkọ mi pè, ó ní, "Ṣé ara le?" Mo ní, "Ara le." Kí ni yóò ṣe láti Ìlọrin?

Ìyá ọkọ mi ló rí i nígbà tó ń gbé ọmọ fún mi. Ọyún ti ń jáde lórí ọmú. Ó ní, "Ta lò ń fi èyí pamọ́ fún?" Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè bá mi lọ sí ọsibítù. Èmi àti ọmọ la wọ takisí, àwa mẹ́rin lẹ́yìn, mo fi ọwọ́ bo ọmú ní gbogbo ibi tí òjò ti gbẹ́ ọ̀nà.

Lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, oníkálùkù ló ní ẹnì kan: ẹni tó ń bá a di káàdì mú, ẹni tó lọ ra omi fún un. Fóònù mi dún lẹ́ẹ̀marùn-ún. "Níbo lo dé?" ni gbogbo àwọn tó ń dúró dè mí ń béèrè. N kò lè bínú sí wọn, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ara mi kò yá.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan yẹ̀ mí wò. "Ìgbà wo lo fún un lọ́mú kẹ́yìn?"

"Àná, láàárọ̀, mà."

Ó ní, "Ìyàwó, ọmú kì í gbọ́ 'mò ń bọ̀'."

Ó ṣàlàyé fún mi. Àwọn ọ̀nà tínínrín kan wà nínú ọmú tí omi ọmú ń gbà. Bí ọmọ kò bá mu ún lákòókò, tàbí tí aṣọ bá fún un pa, ọ̀nà á dí, ọmú á wú, á gbóná. Bí orí ọmú bá tún là, kòkòrò àìsàn á gba ibẹ̀ wọlé. Bí a bá tètè wá, oògùn tó ń pa kòkòrò náà àti fífún ọmọ lọ́mú léraléra sábà máa ń tó. Èmi pẹ́. Tèmi ti di éèwo nínú ọmú, ọyún ti kóra jọ, wọ́n ní láti là á.

Dókítà fún mi lábẹ́rẹ́ kí ojú ibẹ̀ lè kú. N kò mọ ìgbà tí abẹ wọlé, ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tí wọ́n ń tẹ ọyún jáde. Irin bẹ́ẹ̀dì ni mo dì mú, torí kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Lẹ́yìn náà nọ́ọ̀sì ní kí ọmọ máa mu apá ọ̀tún, kí èmi máa fi ọwọ́ fún omi apá òsì jáde ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Mo bi í bóyá òsì yóò tún lómi. Ó ní, "N kò lè ṣèlérí. Bí o bá ń ṣe é déédéé, ó lè padà."

Wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Mo délé, mo kọ gbogbo ohun tí mo ti ṣèlérí, àti ọmú Ìbùkún, sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Mọ́kànlá ni. Mo bi ara mi lọ́kọ̀ọ̀kan pé bí n kò bá lọ, ṣé ẹlòmíràn lè ṣe é? Mẹ́wàá ni ẹlòmíràn lè ṣe. Ìbùkún nìkan ni kò ní ìyá méjì.

Mo lọ bá Ìyá Tóyìn pé mo fẹ́ kúrò nínú àáró.

Ó ní, "Ìwọ tí o kò ní ebè kan, kí lo tilẹ̀ wọlé wá ṣe?" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀kan ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yá. Ta ni yóò máa bá wa bó àwọn wẹ́wẹ́ báyìí?"

Ìyá Tóyìn sìn mí dé ojú ọ̀nà. Ó ní, "A jẹ ọ́ ní gbèsè iṣẹ́. Màá wá bá ọ fọ aṣọ ọmọ." Ó wá láàárọ̀ ọjọ́ méjì, kí iṣẹ́ oko tó gbà á lọ́wọ́ mi. Mo dúpẹ́ ọjọ́ méjèèjì. Ní ìjọ, wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ mi fún ẹlòmíràn, inú wọn kò dùn. Mo sọ òtítọ́ fún ọkọ mi. Ó wálé lọ́jọ́ Sátidé, ó padà lọ́jọ́ Àìkú. Lẹ́yìn náà fóònù mi kì í fi bẹ́ẹ̀ dún mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dín ìlérí yín kù, n kò ní tàn yín: ilé yóò dákẹ́. Ó dùn mí ju ojú abẹ lọ.

Ojú ọgbẹ́ jinná, ṣùgbọ́n Ìbùkún kọ apá òsì. Bí mo bá gbé e síbẹ̀, á yí orí padà. Mo ń fún un jáde, ẹ̀kán díẹ̀ díẹ̀, mo sì ń gbé ọmọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin láti ẹ̀yìn ilé kejì, ni Ìbùkún bá la ẹnu, ó mú un. Ó fà á, ó dúró, ó tún fà á. Mo gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì. Ó ro mí dé èjìká, n kò mira. Kò sí ẹni tí mo lè pè kó wá wò ó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi, tí mo fi ìyà jẹ tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ tí kò kọ̀ mí. Ẹnì kan tún ń pè mí láti ìta. N kò dáhùn títí ọmọ fi yó.