Fíríìjì Tó Ń Kú Nílé Àna Mi

Ìró kan wà tí fíríìjì máa ń ṣe nígbà tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ tí kò rí agbára ṣe é. Á kùn hùùù fún ìgbà díẹ̀, á dún kẹ́, á dákẹ́. Tó bá ṣe sàà, á tún kùn, á tún dún kẹ́. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró yẹn nílé ẹnikẹ́ni, àyà mi á kọ́kọ́ já ná, kí n tó rántí pé wọ́n ti fún mi níyàwó, pé mo tiẹ̀ ti ní ọmọ-ọmọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ọ̀rọ̀ náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi ní àtúnṣe fíríìjì, fáànù àti áyọ́ọ̀nù ní Gàmbàrí, mo sì ti gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sí ẹ̀bá ọ̀nà Adéwọlé. Mo ní àpótí irinṣẹ́ kan, mo sì ní mítà tí a fi ń wọn iná, tí mo máa ń so mọ́ ìbàdí bí ọlọ́pàá ṣe ń so ìbọn. Mo máa ń so ó lọ sí mọ́ṣáláṣí pàápàá. Ẹni tó bá rí mi nígbà náà á rò pé èmi ni mo gbé iná wọ Ìlọrin.

Ọ̀gá mi ní tiwọn kì í so nǹkan kan mọ́ ìbàdí. Bí ẹnì kan bá gbé ohun tó bàjẹ́ wá, wọ́n á ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n á sì máa bi olóhun ní ìbéèrè. Ìgbà wo ló kú? Níbo ló wà tó fi kú? Kí ló ń ṣe kó tó kú? Ta ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn? Ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ tán ni wọ́n á tó tẹ̀ lé iná láti ara ògiri wá, láti sọ́kẹ́ẹ̀tì dé pọ́lọ́ọ̀gì, láti pọ́lọ́ọ̀gì dé wáyà, títí tí wọ́n á fi dé ara ohun náà. Wọn kì í fo ibì kankan. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà èèyàn ni, àti pé ẹni tó bá kọ́kọ́ ki irinṣẹ́ bọ nǹkan láì béèrè, ẹjọ́ ẹnìkan ló ń dá. Èmi máa ń rò ó nínú ara mi pé ojú wọn ni kò ríran mọ́ tí wọ́n fi ń fi ẹnu ṣiṣẹ́.

Alhájà kan wà ní agbo ilé tó kángun sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi. Omi tútù àti yìnyín ni wọ́n ń tà, bí oṣù àwẹ̀ bá sì dé, fíríìjì wọn ni gbogbo àdúgbò gbójú lé fún ìṣínu. Ọmọbìnrin wọn kejì ni mo fẹ́ fẹ́. Èmi àti ọmọ náà ti gbọ́ ara wa yé, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti ṣaláìsí, ẹnu Alhájà ló kù tí a ń wò. Èmi nìkan kọ́ ni mo sì ń wo ẹnu wọn. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tó ń gbé ní GRA, ti ń wá kí wọn pẹ̀lú mọ́tò, ó sì máa ń páàkì rẹ̀ síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i.

Nígbà tó ku bí ọjọ́ mẹ́wàá kí àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Alhájà ránṣẹ́ sí mi pé fíríìjì àwọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ fíríìjì náà. Mo sáré lọ. Wọ́n ti ní kí wọ́n gbé e jáde sí yàrá iwájú dè mí, nítorí àwọn obìnrin ló wà nínú ilé lọ́hùn-ún, ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí kì í wọ ibẹ̀. Mo lóṣòó, mo dorí kodò, mo kí wọn.

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó ń wá ìyàwó ni yóò dúró níwájú ìyá ọmọ, tí yóò máa bi í pé, “Kí lẹ ṣe sí i? Ta ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn?” Wọ́n á ní mo ń pe àwọn ní abanǹkanjẹ́. Mo bá gbé ẹnu mi dákẹ́, mo pe ọlọ́mọlanke, a gbé fíríìjì náà lọ sí Adéwọlé.

Bí mo ṣe so ó mọ́ iná ní ṣọ́ọ̀bù, ó jí. Kò tiẹ̀ janpata. Ẹni tó bá ní làákàyè á bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí òkú fi dìde fúnra rẹ̀. Èmi ní tèmi, mo rò pé ẹ̀rù mi ló bà á. Síbẹ̀ mo tú u, mo pààrọ̀ rílè rẹ̀, ìyẹn ohun kékeré tó máa ń ta ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jí, kí iṣẹ́ má baà dà bí ẹni pé n kò ṣe nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì a gbé e padà. Mo fi mítà wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá iwájú lójú gbogbo wọn, iná pé. Mo so fíríìjì náà mọ́ ọn, ó ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Alhájà ṣàdúrà fún mi, ọmọ wọn sì yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì.

Ní ọjọ́ kejì sí i, wọ́n ránṣẹ́ pé ó ti kú.

Mo tún lọ gbé e. Ó tún jí ní ṣọ́ọ̀bù mi. Lọ́tẹ̀ yìí mo pààrọ̀ ohun tó ń mú un mọ ìgbà tó tutù tó, mo sì tún pààrọ̀ èyí tó ń dáàbò bo ẹ́ńjìnnì, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá mi ti kìlọ̀ fún wa pé ọ̀kan ni kí á máa mú lẹ́ẹ̀kan, kí á lè mọ èyí tó jẹ̀bi. Mo gbé e padà, ó ṣiṣẹ́ ní yàrá iwájú, wọ́n ṣàdúrà. Nígbà tó máa di ọ̀la, ó ti kú. Nígbà tí a ń gbé e padà ní ìrìn àjò kẹta, ọlọ́mọlanke dúró láti nu òógùn, ó wo èmi, ó wo fíríìjì, ó ní, “Ẹ ò bá kúkú fẹ́ èyí, kẹ́ ẹ jẹ́ kí n sinmi.”

Ọjọ́ yẹn ni Alhájà pè mí jókòó. Ohùn wọn tutù, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

“Ọmọ yìí, o kú làálàá. Mi ò lè pa irọ́ fún ẹ. Ọ̀gbẹ́ni GRA yẹn ní òun fẹ́ gbé fíríìjì tuntun wá fún mi. Mi ò tí ì dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rí oṣù tí omi mi ò tíì máa dì, màá gbà á o. Tí mo bá sì gba irú ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀, ojú ò ní jẹ́ kí n sọ pé mi ò fún un lọ́mọ.”

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n máa wo oṣù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ọ̀gbẹ́ni náà ti fi ọwọ́ ayé kan fíríìjì yẹn, torí kí ni ìbá tún mú kí nǹkan máa jí lọ́wọ́ mi kó sì máa kú lọ́wọ́ Alhájà? Mo gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi lọ, mo rojọ́ tán, mo tiẹ̀ rọra dárúkọ ọwọ́ ayé náà. Wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn.

“Níbo ló ti ń jí?”

“Ní ṣọ́ọ̀bù mi, sà. Àti ní yàrá iwájú wọn.”

“Níbo ló ti ń kú?”

N kò mọ ibi tó ti ń kú. Mo ti gbé fíríìjì rìn la Ìlọrin já lẹ́ẹ̀mẹta, n kò béèrè ibi tó ń gbé.

“Alhájà ńkọ́? Kí ni wọ́n sọ nígbà tó o bi wọ́n?”

“Àna mi ni wọ́n, sà. N kò lè máa bi wọ́n léèrè bẹ́ẹ̀.”

“Fíríìjì ò ní àna,” ni ọ̀gá mi wí, wọ́n sì padà sídìí fáànù tí wọ́n ń tún ṣe.

Mo lọ lọ́jọ́ kejì. Mo lóṣòó, mo tọrọ gáfárà tó pọ̀ débi pé Alhájà ní kí n tètè sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ní, “Ẹ má bínú, mà. Níbo ni fíríìjì yìí máa ń dúró sí nígbà tí n kò bá sí níbí?” Inú kò bí wọn rárá. Wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ni, pé àwọn gbé e síbẹ̀ láìpẹ́ yìí kí àwọn oníbàárà má baà máa wọ yàrá àwọn. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin inú ilé bo orí, wọ́n mú mi wọlé. Mo tún lóṣòó níwájú fíríìjì náà, mo dojú bolẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Níbi tí mo dojú bolẹ̀ sí ni mo ti rí wáyà tó ń gbé iná wá fún un, tó gba abẹ́ ẹní kọjá, tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà.

Mo mọ wáyà náà. Èmi ni mo fà á.

Ó tó oṣù mélòó kan sẹ́yìn nígbà náà, nígbà tí mo ń wá ojúure. Mo ní kí n fa iná sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn kí Alhájà lè rí gílóòbù kan tàn kí wọ́n sì rí rédíò gbọ́ wàásí. N kò wọlé, mo ti wáyà gba ihò ara ògiri, ọmọ wọn sì fà á ní òdì kejì. Ọkàn mi wà lára ọwọ́ tó ń fà á ju ara wáyà lọ. Wáyà yẹn tó fún gílóòbù, ó tó fún rédíò. Bí ẹ́ńjìnnì fíríìjì bá fẹ́ gbéra lórí rẹ̀, àfi bí ẹni ń fi ṣíbí pọnmi sí dúrọ́ọ̀mù. Mo fi mítà wò ó láìso nǹkan kan mọ́ ọn, iná pé. Mo ní kí wọ́n tan fíríìjì, iná já wálẹ̀, fíríìjì kùn hùùù, ó dún kẹ́. Mo fọwọ́ kan wáyà, ó gbóná.

Mo ní wáyà tó nípọn nínú àpótí. Mo lè pààrọ̀ rẹ̀ kí n sì sọ pé mo ti rí àṣírí ọ̀tá. Irọ́ náà ti dé ètè mi. Mo gbójú sókè, mo rí ọmọ wọn lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wo wáyà, ó sì ń wò mí. Òun náà mọ̀ ọ́n. Ojú tì mí gan-an, mo sì tún fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

“Alhájà, èmi ni mo bà á jẹ́. Wáyà tí mo fà fún yín ni kò gbé e. Kò sí ohun tó ṣe fíríìjì yín láti ọjọ́ àkọ́kọ́.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo wáyà náà. “Ìwọ lo pa á, ìwọ lo tún ń gbé e kiri lórí ọmọlanke?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Lẹ́ẹ̀mẹta?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Alhájà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Àwọn obìnrin tó bo orí náà ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìborí. Nígbà tí mo fi wáyà tó nípọn rọ́pò rẹ̀ tí fíríìjì sì gbéra, wọ́n nu ojú, wọ́n ní, “Ṣé ká ní o bi mí, mi ò ní dá ẹ lóhùn ni? Ó dáa. Sọ fún àwọn ẹbí ẹ kí wọ́n wá rí mi lẹ́yìn ìtúnu àwẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Tí ọmọ mi bá dákẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, má bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Bi í léèrè.”

Alhájà ti lọ bá Ẹlẹ́dàá wọn báyìí, ọ̀gá mi náà ti lọ. Ọ̀rọ̀ tí Alhájà bá mi sọ yẹn, mo gbọ́ ọ yé lọ́jọ́ náà, mo sì ti gbàgbé rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó mi dákẹ́ fún odidi ọjọ́ méjì. Mo ra ọsàn wá. Mo tún ẹ̀rọ omi ilé ìdáná ṣe. Mo pe ọmọ wa obìnrin kó bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta ni mo tó jókòó tì í, tí mo béèrè ohun tí mo ṣe. Ó sọ ọ́ fún mi: mo fi ọbẹ̀ rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ níwájú àlejò. Mo ní kó má bínú. Ó ní òun ò bínú mọ́, pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ lòun ti ń dúró kí n béèrè.