Omi Ewé fún Ẹsẹ̀ Bàbá Mi

Ọkọ̀ akẹ́rù ni bàbá mi wà títí tí wọ́n fi fẹ̀yìntì sílé wa ní Òmù-Àrán. Ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ náà mú lára wọn. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, kókósẹ̀ wọn á wú, orúnkún á máa ro wọ́n. Wọ́n ń lo oògùn tí wọ́n gbà nílé ìwòsàn, síbẹ̀ kò sí ìrọ̀lẹ́ tí ìyá mi kì í se ewé fún wọn láti ki ẹsẹ̀ bọ̀: ewé dóńgóyárò, ewé gúáfà, koríko ọba ẹ̀yìn balùwẹ̀, atalẹ̀ gígún àti ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀.

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin bímọ ní Ìlọrin, ìyá mi lọ bá a wẹ ọmọ. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ ìjọba níhìn-ín, tí mo sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ni wọ́n fa bàbá lé lọ́wọ́. Kí wọ́n tó wọkọ̀, wọ́n mú mi yí ẹ̀yìnkùlé ká, wọ́n fi ewé kọ̀ọ̀kan hàn mí. Wọ́n ní kí n máa fi ìgúnpá dán omi náà wò kí bàbá tó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, torí awọ ẹsẹ̀ àgbà kì í tètè mọ̀ pé omi ń jó òun.

Mo sè é bí wọ́n ṣe wí. Bàbá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n yọ ọ́, wọ́n ní omi ìyá mi kọ́ nìyí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní koríko ọba rẹ̀ ti gbó jù. Nígbà tó yá, ìkòkò ni wọ́n ń bá wí. Èmi tí èéfín ti ta lójú, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo rojọ́ bàbá fún wọn. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ọmọ tuntun fi ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n wá bi mí pé bí mo bá ti gbé omi kalẹ̀, ibo ni mò ń lọ. Mo ní ilé ìdáná ni.

“O kì í jókòó tì wọ́n ni?” ni wọ́n wí. “Gbé àpótí, kí o jókòó. Máa fọwọ́ bu omi náà sí wọn lórúnkún, kí o jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Bí omi bá tutù, kí o tó dìde.”

Lẹ́yìn ìrun alaasárì ọjọ́ náà, mo jókòó. Bàbá ń wo ojú ọ̀nà. Nígbà tó ṣe, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ọjọ́ kan tí wọ́n kó iṣu láti Agbamu, tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ gbóná kọjá ààlà ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Ọmọbìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà sísè ló lọ bá wọn pọnmi wá, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

“Láti ọjọ́ yẹn,” ni bàbá wí, “bí ọkọ̀ mi bá ti dé Àjàṣẹ́, gbígbóná ló ń gbóná.”

Àwa ọmọ ò gbọ́ ọ rí pé ìdí ẹ̀pà ni wọ́n ti pàdé ìyá mi. Ohun tí ìyá mi ń sọ fún wa ni pé àbúrò bàbá àwọn ló mú àwọn méjèèjì mọ ara wọn. Omi náà tutù tán kí n tó rántí pé mo gbé iṣu kaná.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ọ̀fìnkìn mú bàbá. Mo se ewé ẹfinrin pẹ̀lú ewé ọsàn wẹ́wẹ́, mo gbé ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀, mo mú aṣọ ìbora wá kí wọ́n bo orí láti fa ooru rẹ̀ símú. Wọ́n ní àwọn ò ní í dá wọ inú òkùnkùn yẹn. Mo bá wọn wọ ọ́. Òógùn bò wá, a ò rí ojú ara wa.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti rọra sọ pé, “Mi ò mọ̀ pé ilé yìí fẹ̀ tó báyìí.”

Mo fọwọ́ pa wọ́n lẹ́yìn títí ooru náà fi rọlẹ̀.

Bí ọ̀fìnkìn náà ṣe lọ, wọ́n ní kí n sin àwọn dé ibùdókọ̀, àwọn fẹ́ lọ wo ọmọ-ọmọ àwọn. Wọ́n ti fúnra wọn já ewé kún àpò, wọ́n ní ewé Ìlọrin kò ní agbára. Orí itan ni wọ́n gbé àpò náà lé nínú ọkọ̀.

Nírọ̀lẹ́, ìyá mi pè mí. Wọ́n ní ọmọ kan ni àwọn lọ wẹ̀, ó mà ti di méjì. Wọ́n ro ẹjọ́ náà pẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò bi mí ní ọjọ́ tí bàbá máa padà.