Wọ́n Ní Ara Mi Ti Yá

Ọdún tí mo ń múra ìdánwò bẹpẹsẹ, èyí tí à ń ṣe ká tó wọ kíláàsì gíga, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fún mi ní oògùn. Ilé wa wà ní Ikpinlè, ilé-ìwé wà ní Adja-Ouèrè. Àwa tó wà ní kíláàsì lé ní ọgọ́ta, lábẹ́ òrùlé páànù. Bí òjò bá ń rọ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ń pariwo, á dà bíi pé wọ́n ń gún nǹkan nínú orí mi, màá sì wọ abẹ́ tábìlì. Wọ́n ní alágídí ọmọbìnrin ni mí. Àwọn mìíràn ní ẹ̀mí kan ló ń dà mí láàmú.

Dókítà kan ní Àjàṣẹ́ ló pè é ní òtísìmù. Ó ní kì í ṣe àrùn, bí ọpọlọ mi ṣe ń gbọ́ ayé ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé n kì í rí oorun sùn, tí mo sì máa ń forí gbá ògiri, ó fún mi ní oògùn, ó ní ká padà wá lóṣù kejì. Ó tún kọ̀wé sí ilé-ìwé pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa jáde díẹ̀ bí ariwo bá pọ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé ka ìwé náà, ó ní bí òun bá gbà fún mi, gbogbo wọn ni yóò fẹ́ máa jáde. Oògùn nìkan ló mú nínú ọ̀rọ̀ dókítà. Ó ní bí n kò bá lò ó, kí n jókòó sílé. Oṣù kejì bọ́ sí àsìkò epo pupa tí ìyá mi ń ṣe tà, kò sì rí ẹni tí yóò fi ìkòkò epo lé lọ́wọ́. A kò padà sí Àjàṣẹ́.

Lóòótọ́ ni mo ń sùn. Ṣùgbọ́n oorun náà ń bá mi dé kíláàsì. Ìṣirò tí mo fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ, màá tẹjú mọ́ ọn lójú pátákó, kò ní yé mi. Ariwo kò dín rárá. Agbára tí mo fi ń sá fún un ló tán. Olùkọ́ wá ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ ọmọ tó jókòó jẹ́ẹ́.

Ìyá mi lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ti àwọn aláṣọ funfun. Wọ́n mú mi dúró níwájú, wọ́n ń lu agogo létí mi, wọ́n ń kọrin pé mo ti gba ìwòsàn. Mo fẹ́ di etí. Ọwọ́ mi kò gbé.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń fi oògùn sábẹ́ ahọ́n, tí mo ń tu ú sápò kakí tí mo ń wọ̀ lọ sílé-ìwé. Kò pẹ́ tí ara mi fi ń gbọ̀n, tí mo ń bì, tí n kò sùn mọ́. Ìyá mi ń fọ kakí náà ló rí wọn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bi mí bóyá mo fẹ́ kú ni. N kì í lè sọ̀rọ̀ bí èèyàn bá ń wò mí, mo bá kọjú sí ògiri.

“Màmá, ẹ ń sọ pé ara mi ti yá. Ara mi kò yá. Mo kàn dákẹ́ ni.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé epo sílẹ̀, a lọ sí Àjàṣẹ́. Dókítà bá mi wí pé n kò gbọdọ̀ dá oògùn dúró bẹ́ẹ̀. Ó dín in kù. Ó wá kọjú sí ìyá mi, ó ní, “Oògùn kò lè ṣe iṣẹ́ tí mo ní kí ilé-ìwé ṣe.”

Ìyá mi mú ìwé náà padà lọ sí ilé-ìwé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì títí ọ̀gá fi gbà kí n máa jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn kíláàsì. Jíjáde ni kò gbà. Ìṣirò padà yé mi, mo sì yege ìdánwò náà. Mo ti wà ní kíláàsì gíga báyìí. Lórí rédíò, wọ́n ń sọ pé ilé-ìwé wà fún gbogbo ọmọ. Mo ṣì ń tọrọ àyè láti jáde, wọ́n sì ṣì ń ní kí n fara dà á.