Ẹsẹ̀ Ìyàwó Mi Lórí Pẹ́dà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòsì níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò máṣíìnì ìránṣọ, mo sì béèrè iye tí wọ́n ń ta mọ́tò tó ń rìn pẹ̀lẹ́. Mọ́tò máṣíìnì ni mò ń wí o, kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń wọ̀ lọ sójú ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà níbẹ̀ dá mi lóhùn, mo sì ní kó tún un sọ. Iye tó pè yẹn, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, ó tó ra ilẹ̀ ní Kétu, ó tó kọ́lé sórí rẹ̀, yóò sì tún ṣẹ́kù tí a ó fi ṣílé. Páálí abẹ́rẹ́ ńlá tí ìyàwó mi ń fi owó oúnjẹ ọ̀sán rà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ti di ohun tí ènìyàn ń ronú sí kó tó rà. Ọmọ náà ní, "Daddy, ṣé kí n gbé e wá kí ẹ wò ó?" Mo ní rárá, mo kàn béèrè ni. Bí ènìyàn bá dàgbà tán, á máa béèrè iye ohun tí kò ní í rà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti ìgbà èwe mi. Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì, mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama, débi pé Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ ń rán tapólì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó ti Kétu lọ sí Mile 12, àwọn aṣọ líle ńlá tí wọ́n fi ń bo ẹrù lórí lọ́rì. Àwọn lọ́rì tó ń kó tòmátì àti ata wá láti Òkè Ọya kò lè ṣe láìsí i, nítorí òjò. Mummy Tapólì ni àwọn awakọ̀ ń pè é. Tí mo bá ti ka ìwé ìròyìn tán láàárọ̀, kò sí ohun tí mo tún ní í ṣe, n ó wá lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ẹrù tí olówó rẹ̀ kò tíì wá gbé.

Mọ́tò ayé ìgbà náà kò mọ ohun tó ń jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá ti tan iná sí i báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lábẹ́ tábìlì, eré kan náà ni yóò sì máa sá, à báà máa rán, à báà má rán. Kílọ́ọ̀ṣì ló wà láàárín òun àti abẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó ló sì ń fi pẹ́dà pàṣẹ fún kílọ́ọ̀ṣì. Tí ó bá tẹ̀ ẹ́ pátá, abẹ́rẹ́ á sáré bí ewúrẹ́ tó já okùn. Tó bá fẹ́ kó rìn pẹ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò kàn án fẹ́rẹ́, tí kò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí kò sì ní fi í sílẹ̀. Wọ́n ní ó tó ọdún mẹ́ta kí ẹsẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ìyàwó mi kì í wọ bàtà jókòó sí i. Á bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lásán lé pẹ́dà. Tó bá dé igun tapólì, níbi tí aṣọ ti ṣẹ́po mẹ́rin, tí okùn ńlá tún wà nínú rẹ̀, máṣíìnì tó ń ké rara yẹn á rọlẹ̀, á máa gún un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kọ̀, ó dúró. Kọ̀, ó dúró. Awakọ̀ kan wò ó títí, ó ní, "Mummy, ẹ wá fi ẹsẹ̀ yẹn bá mi wa lọ́rì dé Kánò."

Bí wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀, n kò lè sọ ọjọ́ rẹ̀. Alhaji kan wà tó ní lọ́rì tòmátì, oníbàárà wa àtijọ́. Ó gbé tapólì kan padà wá, ó sì tẹ́ igun rẹ̀ sórí tábìlì. Ìlà ìránṣọ ti yà kúrò lórí okùn, ó ti sá lọ sí etí aṣọ. Ó ní, "Wàláhì, Mummy Tapólì, máṣíìnì yín yìí ń sáré ju lọ́rì mi lọ. Ṣé kọ́sítọ́ọ̀mù ń lé e ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi tú u, ó tún un rán, abẹ́rẹ́ sì tún sá kọjá igun lẹ́ẹ̀mejì kí ìlà tó jókòó dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló wí fún mi, bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé, pé, "Daddy, ó dà bíi pé nǹkan wà lórí pẹ́dà yìí. Bíi pé wọ́n tẹ́ aṣọ sí i." Mo dìde. Mo da kẹrosíìnì sórí àkísà, mo wọ abẹ́ tábìlì, mo nu pẹ́dà náà títí irin rẹ̀ fi ń dán. Mo tilẹ̀ fi fáìlì họ ibi tó dípẹtà. Mo jáde síta, mo ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́." Ó ní, "Ẹ ṣé." Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odidi. Èyí tí wọ́n sọ fún mi, bó ṣe wọlé ní àbọ̀ náà ló ṣe dùbúlẹ̀ sínú mi.

Abẹ́rẹ́ wá ń ṣẹ́ lójoojúmọ́. Máṣíìnì á sáré gun ibi tó nípọn, abẹ́rẹ́ á dá sí méjì, ìdajì á fò lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò rí. Mo pinnu pé mọ́tò ni ọ̀tá wa. Mo gbé ìwé físíìsì mi àtijọ́ sílẹ̀ látorí àjà, mo sì ń ya wíìlì sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà. Wíìlì kékeré nídìí mọ́tò, wíìlì ńlá nídìí máṣíìnì, eré á dínkù, agbára á pọ̀ sí i. Mo lọ sí Ọjọ́ta, wọ́n gé wíìlì kékeré fún mi, ó sì dára fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí eré tún bẹ̀rẹ̀, mo mú ohun tí a fi ń dín eré fáànù kù, mo so ó mọ́ mọ́tò. Láìsí aṣọ lábẹ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ ń lọ sókè sódò bí ọba tó ń rìn lọ sí ààfin. Ṣùgbọ́n bó ṣe kan igun tó ṣẹ́po mẹ́rin, mọ́tò kérora, ó dúró, èéfín sì yọ. Ìyá kan tó ń ta okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nawọ́ pe ìyàwó mi, ó ní, "Ṣé ẹja ni Tíṣà ń yan níbẹ̀ ni? Kó fi tèmi sílẹ̀." Ìwé mi mọ̀ pé bí iná bá kéré, agbára á kéré. Èmi tí mo kọ́ ọmọ aráyé ni mo gbàgbé.

Ọkùnrin kan láti Àgbóyì ló ń tún máṣíìnì ṣe yíká Kétu, Ọ̀gá Máṣíìnì ni a ń pè é. Kò wọ ilé ìwé rí. Òun ló wá dá mọ́tò náà padà sípò nígbà tí wọ́n tún wáyà inú rẹ̀ wé tán. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó kó igun tapólì sábẹ́ abẹ́rẹ́. Kọ̀, ó dúró. Kọ̀, ó dúró. Ó gbójú sókè.

"Tíṣà, mọ́tò yìí ò ṣàìsàn o."

"Ẹ ò rí i bó ṣe ń sáré?"

"Lábẹ́ ẹsẹ̀ tèmi yìí, ó sáré?"

Ó yíjú sí ìyàwó mi. "Mummy, ẹ jókòó kí n wo bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n wo ẹsẹ̀ yín."

Ìyàwó mi fa ìró rẹ̀ bo kókósẹ̀. "Ẹsẹ̀ ta lẹ fẹ́ wò? Ọkọ mi jókòó síbí, ẹ ò tilẹ̀ bẹ̀rù."

Ìyá olókùn gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀gá Máṣíìnì, ẹ lọ wo tìyàwó yín nílé kẹ́ ẹ tó máa wo tìyàwó oníyàwó."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ó tún ní, "Tíṣà, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí n wò ó." Mo ní kó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, kó mójú tó irin tí a torí rẹ̀ pè é. Nínú ọkàn mi, iṣẹ́ ló ti sú u tó fi ń ti ẹ̀bi sí obìnrin lọ́rùn. Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Èmi ò gbà pé ẹni tí kò kàwé ní ọgbọ́n kankan tó lè yá mi.

Mo wá gbé àrà kẹta jáde. Mo fi wíìlì mìíràn sáàárín mọ́tò àti máṣíìnì, tí ìkíní ń yí ìkejì, tí ìkejì ń yí ìkẹta. Èyí ṣiṣẹ́. Kódà bí ènìyàn bá tẹ pẹ́dà pátápátá, abẹ́rẹ́ kò lè sáré mọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ìyàwó mi jókòó sí i, abẹ́rẹ́ lọ́ra, ó lọ́ra, ó sì tún kọjá igun. Máṣíìnì kò sáré, kò sì dúró níbi tó ní kó dúró. Ó rú mi lójú. Mo ní kó máa rán lọ, kí n wo wíìlì láti ìsàlẹ̀. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ tábìlì, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì.

Ìgbà tó gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀ ni nǹkan kan dán. Mo rò pé lára pẹ́dà ni. Ìdajì abẹ́rẹ́ ńlá kan ni, ó wọlé sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lápá iwájú, ibi tí a fi ń tẹ̀lẹ̀. Ara ti wú yí i ká, ó ti dúdú, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ sì wà lórí irin tí mo fi ọwọ́ ara mi nù. Ó sì ń tẹ pẹ́dà. Ó ń gbé gbogbo ìwúwo ẹsẹ̀ rẹ̀ lé abẹ́rẹ́ náà, á tú u sílẹ̀, á tún tẹ̀ ẹ́. Lókè orí mi, òun àti ìyá olókùn ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọmọ ẹnì kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ tábìlì. "Daddy, ṣé ẹ ti rí ohun tó ń ṣe é?"

Mo na ìka kan, mo fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Kò mọ̀. Ó ṣì ń dúró de èsì mi.

Àtọ̀gbẹ ni. Dókítà ní ó ti pẹ́ lára rẹ̀, òun ló pa ẹsẹ̀ kú tí kò fi mọ ohun tó ń tẹ̀ mọ́. Ó béèrè ìgbà tó ti ń rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ní, "Á tó ọdún kan. Mo rò pé àgbà ló ń dé." Kò wo ojú mi. Wọ́n yọ abẹ́rẹ́, ojú egbò kò jiná. Wọ́n gé ọmọ ìka méjì, dúdú náà ń gòkè. Ojoojúmọ́ ni mò ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, tí mò ń wo ilẹ̀kùn. Mo mọ iye ìgbà tí wíìlì kékeré gbọ́dọ̀ yí kí wíìlì ńlá tó yí lẹ́ẹ̀kan. N kò mọ ohun tí mo lè fi dínà fún dúdú tó ń gun ẹsẹ̀ ìyàwó mi. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé wá pé kí n fọwọ́ sí i, kí wọ́n lè gé e lábẹ́ orúnkún, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ẹni pé bí mo bá kà á dáadáa, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á yí padà. Mo fọwọ́ sí i.

Ọmọbìnrin wa tó ń gbé Magodo ló ra mọ́tò tuntun fún un lọ́dún tó tẹ̀lé e. Irú èyí kì í yí àfi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, kókó roboto kan sì wà níwájú rẹ̀ tí a ń fọwọ́ yí láti sọ bí yóò ṣe yára mọ. A gbé ìyàwó mi jókòó, ó sì gbé ẹsẹ̀ òsì lé pẹ́dà. Abẹ́rẹ́ gbéra wọ́ọ́rọ́, ó gun igun, ó dúró gan-an níbi tó ní kó dúró. Mo bi í bóyá ó dára. Ó ní, "Ó dára. Ó gbọ́ràn ju ọmọ lọ." Ó rán igun kan ṣoṣo, ó gé òwú, ó sì káwọ́ lé itan.

Ọmọ wa ti jáde lọ sídìí ọkọ̀ nígbà tí mo bi í ní ìbéèrè tó ti ń jẹ mí lọ́kàn, pé kí ló dé tí kò tún ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ náà sọ fún mi lẹ́ẹ̀kejì.

"Mo sọ ọ́. Ẹ bá mi nu pẹ́dà."

"O lè tún un sọ."

"Láti ìgbà tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, abẹ́ tábìlì yẹn nìkan ni mo ti ń gbọ́ tí ẹ ń súfèé. Mo ní kí n má dí yín lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ lásán ni mo pè é."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ká ní ó fi ìbínú sọ ọ́ ni, ǹ bá ti mọ ohun tí n ó ṣe.

Ó lo ọdún mẹ́rin sí i, ó sì lọ. Ìyá olókùn ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Alhaji náà ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ni lọ́rì báyìí, tapólì rírán tán láti òkè òkun ni wọ́n sì ń lò. Dókítà yẹn, mo gbọ́ pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà, n kò mọ̀ bóyá ó wà. Ọmọ wa wà, a dúpẹ́. Ọ̀gá Máṣíìnì náà wà, ní Àgbóyì lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ìrántí rẹ̀ sì ti ń já bọ́. Mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kí i. Tó bá ti gbọ́ ohùn mi, á ní, "Tíṣà, ẹsẹ̀ Mummy ńkọ́?" Nígbà àkọ́kọ́ tó béèrè bẹ́ẹ̀, mo sọ òótọ́ fún un, ó sì sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ní báyìí, mo máa ń sọ pé ó ti sàn. Á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, á ní, "Ẹ ò kúkú jẹ́ kí n wò ó." Màá ní òótọ́ ni, n kò jẹ́ kí ẹ wò ó. A ó wá jókòó bẹ́ẹ̀, àwa méjì, a ó máa gbọ́ bí àwọn tó ń wa yanrìn ṣe ń pe ara wọn lórí odò.