Aṣọ Tí A Fi Ẹ̀gẹ́ Hun

Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé bá ti ń súnmọ́, ara mi kì í gbà mí mọ́. Màá ti gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá ti to àga, màá sì ti ka ojú ìwé tí mo fẹ́ fi kọ́ni ní àkàtúnkà, débi tí ọkọ mi á fi ní kí n rọra, pé kì í ṣe ìdánwò ni mo fẹ́ lọ ṣe. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Òmù-Àrán, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ yìí ló ń dùn mọ́ mi jù. Ìwé àtúnṣe ara ẹni ni mo fẹ́ràn: bí èèyàn ṣe lè lo àkókò rẹ̀, bí ọkàn ṣe lè le, bí a ṣe ń dá ohun tuntun sílẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá lọ sí Ìlọrin, màá ra àlòkù wọn bọ̀, màá kà wọ́n tán, màá sì wá fi Yorùbá ṣàlàyé wọn fún àwọn obìnrin mélòó kan ládùúgbò wa.

A ò pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, tó ń ṣe gàrí, wà níbẹ̀. Aránṣọ tó ń gbé ọ̀ọ́kán ilé wa máa ń dé tó bá ti kírun Alásárì tán. Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà tó ti fẹ̀yìn tì, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan sì ń gun ọ̀kadà wá láti Rórè. Wọn kì í gba ọ̀rọ̀ ìwé gbọ́ bọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́ wọn pé ẹni tó bá fẹ́ lọ síwájú gbọ́dọ̀ máa jí kí ilẹ̀ tó mọ́, aránṣọ bi mí pé ta ni mo mọ̀ ní Òmù-Àrán tí kì í jí.

Ní Sátidé kan, mo kó ẹ̀kọ́ gbígbóná kan dé. Ìwé ní kí olúkúlùkù sọ ohun tó ń fẹ́ jáde lẹ́nu, ní gbangba, nítorí pé ohun tí a bá ti sọ níwájú èèyàn, ojú á tì wá láti pa á tì. Nọ́ọ̀sì àgbà ni mo kọ́kọ́ kọjú sí.

"Mà, kí lẹ fẹ́ kí ọwọ́ yín tẹ̀ lọ́dún yìí?"

"Àlàáfíà, lọ́lá Ọlọ́run."

Mo bi aránṣọ. Ó ní, "Tí Ọlọ́hun bá fẹ́, ohun tó dáa ni."

Olùkọ́ láti Rórè, tó kàwé bíi tèmi, ní òun ṣì ń gbàdúrà sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní tiẹ̀ kàn ń wolẹ̀. Inú bí mi. Mo ní ṣé ìpàdé àdúrà ni mo pè ni, ṣé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń fẹ́ láyé ara rẹ̀? Mo pa ìwé dé, mo gba ilé ìdáná lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀lé mi, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Àbúrò mi, ṣé gbogbo nǹkan ló ṣeé sọ ní gbangba?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ rẹ tó wà n'Ílọrin ti fẹ́ra kù."

Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló ń pè ní ọmọ mi. Oyún ti bà jẹ́ lára ọmọ náà rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Èyí tó gbẹ̀yìn, gbogbo ilé ti kí i kú oríire tán kó tó wálẹ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń fẹ́ kò ju kó hun kíjìpá tí wọn yóò fi pọn ọmọ tuntun yìí, bí ìyá wa ṣe hun èyí tí òun fi pọn ọmọ tirẹ̀. Kíjìpá ni aṣọ nínípọn tí àwọn obìnrin wa ń hun lórí òfì tó dúró ti ògiri, aṣọ tí kì í tètè gbó.

"Tí ọwọ́ mi bá wà lẹ́nu aṣọ yẹn, ọkàn mi á balẹ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kì í jẹ́ kí n jókòó. Òwú ti wà lórí òfì láti ọjọ́ yìí, eruku ló ń bò ó."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń wá bí mo ṣe lè ràn án lọ́wọ́ láìtú àṣírí. Nígbà tí Sátidé pé, mo ní a ò ní ka ìwé, pé ẹ jẹ́ ká máa ṣe àáró. Ojú gbogbo wọn là. A kì í kọ́ ọmọ Ìgbómìnà ní àáró: lónìí gbogbo ẹgbẹ́ á ro oko mi, lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á ro tìrẹ, ẹnikẹ́ni kì í sì í bi olóko pé kí ló fẹ́ fi iṣu rẹ̀ ṣe. Mo ní iṣẹ́ tó bá ń dí ẹnì kan lọ́wọ́ ni ká máa bá a ṣe, kí òun lè ráyè gbọ́ ti ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Kó má sọ ọ́ fún wa.

"Ọ̀dọ̀ oníyìí ni ká ti bẹ̀rẹ̀," ni nọ́ọ̀sì àgbà wí, ó ń fi àgbọ̀n tọ́ka sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ká máa lọ síbẹ̀ títí á fi ní ó tó."

A dé ilé rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Iṣẹ́ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń dùn, òkìtì ẹ̀gẹ́ ń relẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń bó ẹ̀gẹ́ ju gbogbo wa lọ? Ẹ̀gbọ́n mi ni. Nígbà tó sì fi ọ̀bẹ sílẹ̀, iyán ló lọ gún fún wa. A jẹ, a yó, a túká, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan òfì. Sátidé tó tẹ̀lé e, bákan náà ló rí. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta la wá bó ẹ̀gẹ́ fún? Ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ dé bá òwú lórí òfì ni?"

"Kí n wá jókòó sí yàrá, kí ẹgbẹ́ mi máa ṣiṣẹ́ fún mi níta? Ṣé aláìsàn ni mí? Àáró wo lo ti rí tí olóko kò sí níbẹ̀?"

Òótọ́ ló sọ, òótọ́ náà ló sì ń bí mi nínú.

Láàárín ọ̀sẹ̀, mo ń ṣí ìwé kan, mo bá ibi tí wọ́n ti ní bí ìwà kan bá ṣòro láti yí, kí èèyàn má bá ìwà jà, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ni kó yí padà. Mo fò dìde. Ọkọ mi bi mí bóyá ejò ni mo rí. Mo ní rárá, ẹ̀gẹ́ ni.

Sátidé dé, kí ẹ̀gbọ́n mi tó gbé ìkòkò kaná, a ti ń ru ẹ̀gẹ́ wọ yàrá ẹ̀yìn níbi tí òfì wà. Ó ń pariwo pé ta ló ń bó ẹ̀gẹ́ nínú yàrá. A tẹ́ àpò sílẹ̀, a jókòó yí òfì ká, a sì da èyí tó kù sẹ́nu ọ̀nà kó má baà rí ibi sá gbà. Aránṣọ ti se ẹ̀wà wá látilé.

"Olóko rèé láàárín wa," ni nọ́ọ̀sì àgbà wí. "Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ṣiṣẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó sídìí òfì. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń ṣìnà, òwú ń já, ó ń so ó. Nígbà tó yá, ọwọ́ rántí. Ó ń fi pákó pẹlẹbẹ lu òwú mọ́lẹ̀, gbà, gbà, inú mi sì dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ara mi lọ́wọ́. Kò hun ún bíi ti ìyá wa pàápàá. Ó fi òwú aró dá ìlà sáàárín funfun, ó ní bí ebè ṣe tò lọ sí ọ̀nà Ìsánlú-Ìsin ni òun ń rí lójú.

Báyìí la ṣe ń bá a lọ. Wọn ò bi í pé ta ló ni aṣọ. Aránṣọ kàn ní apá méjèèjì aṣọ náà, òun lòun máa rán an pọ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà a máa wo ẹnu iṣẹ́, a ní ó yẹ ká túbọ̀ yára.

Ọmọ kò dúró dè wá. Ọjọ́ iṣẹ́ ni ìpè wọlé láti Ìlọrin: obìnrin ni, tìyátọmọ wà lálàáfíà. Apá kejì aṣọ ṣì kù lórí òfì. Ẹsẹ̀ mi kò kanlẹ̀ tí mo fi dé ilé ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí ilé-ìwé ṣẹ́. Mo bá a nídìí òfì, omijé ń dà lójú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró. Aránṣọ àti nọ́ọ̀sì àgbà ti jókòó, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Mo bi wọ́n pé ta ló pè wọ́n.

"Ṣé Sátidé nìkan ni wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ ni?" ni nọ́ọ̀sì àgbà fi dá mi lóhùn.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá títí aṣọ fi kúrò lórí òfì. Òwúrọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ní Òmù-Àrán níbí, ni aránṣọ rán an pọ̀ tán. Lẹ́yìn tí àlejò ti dínkù, ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ẹ sí orí ẹsẹ̀ wa, olúkúlùkù sì ń wá ibi tirẹ̀. Olùkọ́ láti Rórè ní ibí yìí ni wọ́n hun lọ́jọ́ tí òjò dá òun dúró. Èmi náà rí ibi tí òwú ti já, mo fi ìka kàn án.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ pọ̀n, ó fà á mọ́ra, ó so ó le. Kò pẹ́ tí omi fi ń sọ̀ kalẹ̀ lára aṣọ tuntun. Aránṣọ dìde kíá láti tú u. Ẹ̀gbọ́n mi dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ jẹ́ kó tọ̀ sí i," ló wí, ketekete, létí gbogbo ilé. "Òun ni mo hun ún fún."