Ebè Mẹ́sàn-án Níwájú Àwọ̀n

Ẹni tó sọ àdúgbò yẹn ní Sùúrùlérè kò bá bàbá Oyèníran gbé rí. Oyèníran fúnra rẹ̀ kì í ṣe oníjà èèyàn. Láti ìgbà tí gbogbo Áfíríkà ti wá díje ní pápá ìṣeré ńlá tó wà ní àdúgbò náà, nínú oṣù kìíní ọdún 1973, òun ló ń tọ́jú koríko ibẹ̀. Ó ń bomi rin ín, ó ń gé e, ó ń fọwọ́ fa èyí tí kò bá jọ ọ́ tu. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú rẹ̀, nìkan ni wàhálà rẹ̀. Kò sí ẹni tó wá sí Èkó nínú wọn tí kì í yà sí yàrá rẹ̀ ní Ìpọ̀nrí, kí ó tún ní kó mú òun lọ wo pápá. Wọ́n á wo omi ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n á wo gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ja ẹ̀ṣẹ́, wọ́n á gbójú sókè wo iná tó ga ju ọ̀pẹ lọ. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìjókòó, á sú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Tó bá ní koríko ni, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá rẹ̀, Àkàngbé, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tó dé lọ́jọ́ Àìkú kan lọ́dún 1976. Àgbẹ̀ paraku ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tó ti ń bá koríko ṣọ̀tá. Ó ní ọmọ òun kò lè wá sí Èkó wá máa sin ohun tí bàbá rẹ̀ ń pa. Ọ̀rọ̀ náà dun Oyèníran dé egungun.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ọ̀gá rẹ̀, Jethro, kìlọ̀ fún un pé ìdíje ńlá ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bí ilẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ níbi kankan lórí pápá, kó di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá kọ̀ láti jókòó sílé, Oyèníran bá mú un dání lọ síbi iṣẹ́. Ó fi í sílẹ̀ létí pápá, ó lọ fọwọ́ sí ìwé ní ọ́fíìsì, ó sì pẹ́ níbẹ̀ fún bíi wákàtí méjì. Kó tó padà, bàbá ti rí ọkọ́ tí wọ́n fi ń tún etí pápá ṣe. Ó ti ro iwájú àwọ̀n bọ́ọ̀lù kan mọ́ féfé, ó sì ti kọ ebè mẹ́sàn-án tó dọ́gba síbẹ̀. Ó fara ti ọkọ́, ó ń làágùn, inú rẹ̀ ń dùn.

Ó ní, "Ilẹ̀ ọlọ́ràá nìyí. Mi ò lè lajú mi sílẹ̀ kí koríko gbà á lọ́wọ́ ẹ. Iṣu á ta níbí."

Oyèníran jókòó lórí ebè kan. Ká ní ẹlòmíràn ni, ariwo ì bá ta. Ṣùgbọ́n bàbá ẹni kọ́ là ń jágbe mọ́. Ó bínú títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá, koríko yẹn ni oko mi. Òun la fi ń bọ́ àwọn ọmọ-ọmọ yín. Tó bá di Sátidé tí ibí yìí ṣì rí báyìí, wọ́n á lé mi."

Bàbá wo ọmọ, ó wo ebè. Kò bẹ̀bẹ̀, ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe àṣà rẹ̀. Ó kàn béèrè ibi tí èèyàn ti lè rí irú koríko náà. Oyèníran rántí pé ó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Orí bá wọn ṣe é, ọ̀gá kò yọjú. Ọjọ́ méjì gbáko ni ọmọ fi ń hú koríko tòun ti yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ wá, tí bàbá sì tú ebè ká, tó kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún, tó ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń kùn pé ojú òun rí màbo.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Jethro yí pápá ká lẹ́ẹ̀mejì, kò rí ibi tí ilẹ̀ ti ṣí sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n yẹn gan-an, gbogbo èèyàn fò sókè. Bàbá nìkan ló jókòó, tó ń bú ẹni tó gbá a wọlé pé ó ń fi bàtà tẹ koríko òun.

Lọ́jọ́ kejì, nínú mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ ní Ọ̀yìngbò, bàbá pe ọmọ rẹ̀ sún mọ́ fèrèsé.

"Tó o bá wálé, o ò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo gbin koríko."

Mọ́tò ti ń rìn kó tó tún yọrí síta. "Bomi rin apá ọ̀tún yẹn dáadáa. Kò tíì múlẹ̀."